Líǹkì tí Oyèkọ́lá So Mọ́ Orúkọ Fẹ̀yìntọlá

Kí Oyèkọ́lá tó fọ ẹnu láràárọ̀, ó ti wo ibi tó wà lórí Google. Yóò tẹ "Warri" sínú fóònù, yóò fi àtàǹpàkò ti ojú rẹ̀ sókè, yóò máa tì í lọ títí yóò fi kan orúkọ bílọ́ọ̀gì tirẹ̀, Warri Gan-an. Ní ọdún 2016 yẹn, títì náà máa ń pẹ́.

Kì í ṣe pé ìròyìn wọ́n. Àwọn ọmọ kíríkì, àwọn ajàjàgbara tó ń gbé láàárín ẹ̀ka omi, ń fọ́ páìpù epo lọ́tùn-ún lósì, ṣọ́jà kún orí omi, gbogbo ayé ló sì fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Warri. Oyèkọ́lá, òṣìṣẹ́ ìjọba ní èbúté, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n gbé wá síbẹ̀ láti Èkó, gbà pé ẹnu ọ̀nà òun ló yẹ kí gbogbo wọn gbà kọjá. Gẹ̀ẹ́sì tó fi ń kọ bílọ́ọ̀gì náà wúwo débi pé èèyàn ní láti jẹun kó tó lè kà á. Síbẹ̀, àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì jákujàku ló ń wà lókè rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí kì í ṣe níbẹ̀. Kì í tọ́ka sí ẹlòmíràn. Bó bá rí ìròyìn nínú ìwé ìròyìn, yóò kọ "ìwádìí wa fi hàn". Ó ní òǹkàwé tí èèyàn bá fún ní líǹkì, ilẹ̀kùn ló ṣí fún un yẹn, ó sì lè má padà mọ́. Nítorí náà ló ṣe ń kó àwọn òǹkàwé rẹ̀ pamọ́, bí ẹni tó gba àlejò tó wá ju kọ́kọ́rọ́ sápò.

Láyí, ọmọ àǹtí rẹ̀ tó wà l'Ékòó, ló là á lójú. Iṣẹ́ tí Láyí ń ṣe nìyẹn: ó ń bá àwọn ilé iṣẹ́ tún ojú ìwé wọn ṣe kí Google lè gbé wọn síwájú. Oyèkọ́lá pè é lórí fóònù, ó sì ṣe bí ẹni pé ẹnì kan ní ọ́fíìsì ló ní kóun béèrè.

Láyí ka bílọ́ọ̀gì náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Bùọ̀dá, ẹ̀yin nìkan lẹ ń dá sọ̀rọ̀ níbí. Ta ló máa wá gbà yín gbọ́?"

Ó ṣàlàyé fún un pé ẹni tí ojú ìwé kan ń bá rìn máa ń sọ irú ẹni tí òun náà jẹ́. Kó máa fi líǹkì tọ́ka sí àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, kó má jẹ́ kó pọ̀ jù. Kó lọ bá ẹni tí ìròyìn ti ẹnu rẹ̀ jáde, kó fi ẹni tó dà á kọ sílẹ̀. Kó má máa kọ "ẹ tẹ ibí". Kí ọ̀rọ̀ tó bá so líǹkì mọ́ sọ fún òǹkàwé ohun tó máa bá lọ́hùn-ún gan-an. Bó bá sì lè rí ẹni tí àwọn yòókù kò ní, tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà pẹ́kípẹ́kí, ìyẹn ló dáa jù. Láyí tún ní kó má so líǹkì mọ́ ẹni tí kò lè dúró fún, àti pé bó bá jẹ́ èèyàn kékeré ni, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń sọ èyí, Oyèkọ́lá ti ń dúpẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà lórí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa ìpè.

Ẹni tí àwọn yòókù kò ní. Ó ń ronú sí i títí di ọjọ́ tí Kíkẹ́lọmọ, ìyàwó rẹ̀, kò lọ sí ibi iṣẹ́.

Abúlé kan nínú kíríkì ni Kíkẹ́lọmọ ti ń ṣe tíṣà. Láti Ovwian tí wọ́n ń gbé, yóò wọ ọkọ̀ lọ sí etí omi Ogbe-Ijoh, níbẹ̀ ni yóò ti wọ ọkọ̀ ojú omi Fẹ̀yìntọlá. Ìlàjẹ ni Fẹ̀yìntọlá, Ugbuwangue ni wọ́n sì bí i sí. Ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ èdè Ìlàjẹ, ó ń bá gbogbo ayé yòókù sọ Pidgin. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì lọ, ṣùgbọ́n ó ti mọ gbogbo ẹ̀ka omi tó wà níbẹ̀ bí ẹní mọ iyàrá rẹ̀.

Fẹ̀yìntọlá ní ojú ìwé kékeré kan lórí ayélujára. Láàárọ̀ kùtù, yóò kọ "We dey go" síbẹ̀, tàbí "We no dey go". Ó parí. Kì í sọ ìdí. Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ rẹ̀, àwọn tíṣà, àgùnbánirọ̀ àti oníṣòwò díẹ̀, kì í sì í béèrè. Bí wọ́n bá rí i pé ọkọ̀ kò lọ, wọn yóò padà sùn. Tó bá di ọ̀sán, wọn yóò gbọ́ pé ìbọn dún níbì kan. Lọ́jọ́ kejì wọn yóò jókòó sínú ọkọ̀, wọn yóò máa sọ̀rọ̀ owó ata. Ní Warri, ẹni tó bá rí làásìgbò 2003, nígbà tí àwọn ẹ̀yà ibẹ̀ dojú ìjà kọra, kì í béèrè bí aládùúgbò rẹ̀ ṣe mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn sá. Yóò sá. Tó bá padà dé, yóò kí i.

Oyèkọ́lá kò sí ní Warri lọ́dún 2003.

Nígbà tí Kíkẹ́lọmọ sọ fún un nídìí oúnjẹ pé Fẹ̀yìntọlá ní ọkọ̀ kò lọ ni òun ṣe jókòó sílé, tí rédíò sì sọ lẹ́yìn náà pé páìpù bú gbàmù nítòsí ibẹ̀, Oyèkọ́lá gbé òkèlè sílẹ̀. Ó bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ọkùnrin náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Oyèkọ́lá kò béèrè nǹkan mìíràn. Ó wẹ ọwọ́, ó wọ yàrá.

Ohun tó kọ lórí páìpù náà kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, àfi gbólóhùn kan tí ó fa ìlà búlúù sí nídìí. Láyí ti sọ pé kí ọ̀rọ̀ tó bá so líǹkì mọ́ sọ ohun tó wà lọ́hùn-ún gan-an. Oyèkọ́lá wò ó pé, bí èèyàn bá kọ "ọlọ́kọ̀ kan ní Ogbe-Ijoh", ta ni yóò bẹ̀rù ìyẹn? Bí ẹni tí òun tọ́ka sí bá ṣe tóbi tó ni òun náà yóò ṣe tóbi. Ó wá kọ ọ́ báyìí: "Fẹ̀yìntọlá, ọlọ́kọ̀ Ogbe-Ijoh tó máa ń mọ ìgbésẹ̀ àwọn ọmọ kíríkì kí wọ́n tó gbé e". Ó so ó mọ́ ojú ìwé ọmọ ọlọ́mọ, ó sì lọ sùn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, títì kò pẹ́ mọ́. Àwọn oníròyìn Èkó ń da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ, wọ́n sì ń fi líǹkì tiwọn tọ́ka sí i. Nígbà tó yá, bó bá tẹ "Warri", òun ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ó mú fóònù náà lọ sí ọ́fíìsì. Ó mú un lọ sí ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá, ó jókòó síwájú, ó gbé e lé orí eékún ní ọ̀nà tí ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lè ṣàì rí i. Ó tilẹ̀ fi han Jádesọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń múra ìdánwò yunifásítì, tí Yorùbá máa ń wọlé sí létí tí Pidgin sì máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Jádesọ́lá kà á, ó fún un ní fóònù rẹ̀ padà. "Daddy, Uncle Fẹ̀yìn know say you put am there?"

Oyèkọ́lá ní iyì ni òun fún un, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Èkó àti òkè òkun ló ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí láìsan kọ́bọ̀.

"He beg you?" ni ọmọ náà wí, ó bá ìwé rẹ̀ lọ.

Kíkẹ́lọmọ ní tirẹ̀ kì í ka bílọ́ọ̀gì náà. Ó ní ìwé àwọn ọmọ tí òun ń máàkì ti tó òun. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe mọ nǹkan kan títí di ọ̀sán Sátidé tí Fẹ̀yìntọlá fúnra rẹ̀ kan ilẹ̀kùn wọn.

Wọ́n fún un ní àga, etí àga náà ló jókòó sí. Wọ́n fún un ní omi, kò mu ún. Oyèkọ́lá rò pé ọpẹ́ ló bá wá, ó sì ti ń múra bí yóò ṣe gbà á láìfi ayọ̀ hàn jù. Fẹ̀yìntọlá kí wọn tán, ó wá sọ ohun tó gbé e wá. Àwọn tí kò mọ̀ rí kún ojú ìwé rẹ̀. Ọkùnrin méjì wọ ọkọ̀ rẹ̀ bí èrò, nígbà tí wọ́n dé àárín omi, wọ́n ní kó pa ẹ́ńjìnnì. Wọn kò pariwo mọ́ ọn. Wọ́n kàn ń bi í pé ta ló ń tú àṣírí àwọn fún un. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ṣọ́jà dá a dúró lórí omi, wọ́n pè é lórúkọ, wọ́n bi í ní ìbéèrè kan náà, wọ́n sì yọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì tó ń lò báyìí, ó yá a ni.

Kíkẹ́lọmọ kọ ojú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Jádé, kí lẹ kọ?"

Oyèkọ́lá kà á fún wọn. Ó kà á jẹ́jẹ́, kò sì ka "ìgbésẹ̀" sókè.

"Ṣé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?" ni Kíkẹ́lọmọ bi í. Oyèkọ́lá yíjú sí Fẹ̀yìntọlá, ó ní tí kò bá sí àṣírí kankan, kí ló dé tí kò sọ bó ṣe ń mọ̀ fún wọn kó sì bọ́?

Fẹ̀yìntọlá wo fóònù tó wà lọ́wọ́ Oyèkọ́lá. Kíkẹ́lọmọ rí i. Ó na ọwọ́, ó gba fóònù náà, ó gbé e lọ sí kíṣìnnì, ó padà wá jókòó. Nígbà náà ni Fẹ̀yìntọlá tó sọ̀rọ̀, Kíkẹ́lọmọ ló sì kọ ojú sí.

"Àwọn ìyá tó ń gbé ẹja wá láti inú kíríkì ni mo máa ń wò, Àǹtí. Bí wọn ò bá gúnlẹ̀ sí Ugbuwangue láàárọ̀, mo mọ̀ pé nǹkan wà níwájú nìyẹn. Èmi ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi."

"Ṣebí ó tán," ni Oyèkọ́lá wí. "Sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ṣọ́jà."

"Kí wọ́n wá lọ máa bi àwọn ìyá?"

Fẹ̀yìntọlá ní ohun kan ṣoṣo ni òun wá bẹ̀. Kí Bùọ̀dá yọ orúkọ òun kúrò, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní gbangba pé irọ́ ni àwọn pa, pé ọlọ́kọ̀ náà kò mọ nǹkan kan. Bí wọn kò bá ṣe é, ẹ̀gbẹ́ kan nínú méjèèjì máa pa òun. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò. Oyèkọ́lá ṣèlérí. Fẹ̀yìntọlá dúpẹ́, ó lọ.

Yíyọ líǹkì kò gbà á ní àsìkò. "Irọ́" ni kò fẹ́ jáde. Ó tẹ̀ ẹ́, ó pa á rẹ́. Ó tẹ "àṣìṣe", ìyẹn náà ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó wà lókè Google ha lè kọ ọ́ pé òun ṣàṣìṣe? Ó jókòó tì í títí oòrùn fi wọ̀, ó wá rí gbólóhùn tí kò lè ba iyì rẹ̀ jẹ́: "Nítorí ààbò ẹni tó ń fún wa ní ìròyìn láti inú kíríkì, a ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò." Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó dùn mọ́ ọn. Ó gbé e jáde.

Láyí ló pè é lọ́jọ́ Àìkú, kò sì kí i. "Bùọ̀dá, kí lẹ ṣe yìí? Àwọn tó da ọ̀rọ̀ yín kọ ṣì ní orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ wá fi òǹtẹ̀ lù ú pé òótọ́ ni."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Fẹ̀yìntọlá kọ "We dey go". Wọn kò tíì jìnnà sí Ogbe-Ijoh tí ọkọ̀ ṣọ́jà fi dábùú wọn. Kíkẹ́lọmọ wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo èrò dojú bolẹ̀, ó sì fi ojú balẹ̀ nínú omi tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu ọlọ́kọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n gbé orí sókè, Fẹ̀yìntọlá kò sí nínú ọkọ̀ mọ́.

Kíkẹ́lọmọ kò lọ sí iléèwé. Ó lọ tààrà sí ọ́fíìsì ọkọ rẹ̀ ní èbúté, aṣọ rẹ̀ ṣì tutù. Ó dúró síwájú tábìlì rẹ̀ lójú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ dìde," ni ó wí. "Ẹ lọ fi ẹnu yín sọ fún wọn."

Ó dìde. Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó dìde. Àgọ́ àwọn ṣọ́jà náà kò jìnnà, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ dúró lẹ́nu géètì, ó tún ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì bọ ṣòkòtò. Nínú, wọ́n mú un lọ bá ọ̀gá kan tí ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní, tó ní àwọn fóònù sórí tábìlì. Nígbà tí ọ̀gá náà gbọ́ pé òun ló ni Warri Gan-an, ó dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní lójoojúmọ́ ni òun ń kà á, kí òun tó ka ohunkóhun. Pẹ̀lú gbogbo ìbànújẹ́ tó wà lọ́kàn Oyèkọ́lá, àyà rẹ̀ gbéra díẹ̀.

Ọ̀gá náà jókòó padà. Ó ní ọlọ́kọ̀ náà kò tíì sọ nǹkan kan, orí kunkun ló ní. Ó wá fi Pidgin bi í, pẹ̀lú ẹ̀rín: "Oga blogger, you sef know. Na who dey tell am?"

Oyèkọ́lá mọ̀ ọ́n. Ìdáhùn náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó kéré, kò ju gbólóhùn kan lọ. Bó bá sọ ọ́, Fẹ̀yìntọlá yóò jáde báyìí, ọkọ̀ ṣọ́jà yóò sì kọrí sọ́dọ̀ àwọn ìyá ẹlẹ́ja ní Ugbuwangue. Láti ìgbà tó ti ń kọ bílọ́ọ̀gì, kò tíì sí ohun tó mọ̀ rí tí kò sọ.

"Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un," ni ó wí. "Èmi ni mo parọ́."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, kò sì gbà á gbọ́. Ó gbé fóònù kan, ó tẹ "Warri", ó kọ ojú rẹ̀ sí i. Warri Gan-an ló wà lókè. Ó ní ṣé òpùrọ́ ni Google máa gbé síbẹ̀ yẹn, tí àwọn ìwé ìròyìn ńlá ń bẹ nísàlẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni Oyèkọ́lá, tó ti fi gbogbo ọdún náà wá ẹni tó máa gbà á gbọ́, ṣe jókòó níwájú ẹni tó gbà á gbọ́ tán pátápátá, tó sì ń fi gbogbo agbára rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má gba òun gbọ́. Ó ní "aṣojú wa nínú kíríkì" tí wọ́n máa ń rí níbẹ̀, òun náà ni, nínú pálọ̀ òun ní Ovwian, pẹ̀lú fáànù lórí. Ó ní "ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀", òun náà ni, nígbà mìíràn ìyàwó òun tó ń sọ̀rọ̀ owó gáàsì. Ó ní "ìwádìí wa", ìwé ìròyìn lásán ni. Ọ̀gá náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń na ọwọ́ lu tábìlì. Oyèkọ́lá tún dé orí àwòrán ọkọ̀ ojú omi tó ń jó, èyí tó gbé sórí bílọ́ọ̀gì rẹ̀ pé ìtòsí Warri ni wọ́n ti yà á. Ó ní orí ayélujára ni òun ti mú un, orílẹ̀-èdè kan lápá Éṣíà ni odò náà wà. Kó wo àwọn igi rẹ̀, kó wo lẹ́tà ilẹ̀ òkèèrè tó wà lára ọkọ̀ náà.

Ọ̀gá náà wò ó. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó béèrè bóyá ó dá a lójú. Oyèkọ́lá ní ó dá òun lójú. Ọ̀gá náà dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Àwòrán yẹn, ó ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá tirẹ̀ ní Àbújá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ kíríkì, wọ́n sì ti yìn ín.

Ọ̀rọ̀ wọn kò gùn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní kí Oyèkọ́lá yọ àwòrán náà kúrò nísinsìnyí, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé àwọn sọ̀rọ̀ rẹ̀. Oyèkọ́lá ní òun yóò yọ ọ́, bí wọ́n bá tú ọlọ́kọ̀ náà sílẹ̀. Ẹnu ya òun fúnra rẹ̀ pé òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá jókòó síbẹ̀, lórí àga àwọn ṣọ́jà, ó kọ ọ́ sókè bílọ́ọ̀gì rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ kékeré lè kà pé irọ́ ni òun pa mọ́ Fẹ̀yìntọlá, pé ọkùnrin náà kò sọ nǹkan kan fún òun rí, pé òun fẹ́ di gbajúmọ̀ ni. Ó ránṣẹ́ sí Láyí kó bẹ gbogbo àwọn tó da ọ̀rọ̀ náà kọ pé kí wọ́n da èyí náà kọ. Àwọn kan ṣe é. Irú ìyẹn máa ń yá wọn lára.

Wọ́n tú Fẹ̀yìntọlá sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan wú, kò lè dì í. Wọn kò rí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dá padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ṣọ́jà bá tú sílẹ̀ kíákíá, àwọn tó wà nínú kíríkì ní ohun tí wọ́n máa ń rò nípa rẹ̀, wọn kì í sì í ka bílọ́ọ̀gì kí wọ́n tó rò ó. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan fi wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní Ugbuwangue, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Lọ́jọ́ tí Fẹ̀yìntọlá ń fi Warri sílẹ̀, Kíkẹ́lọmọ sìn ín dé gáréèjì. Oyèkọ́lá tẹ̀lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó pè é. Báàgì kan ṣoṣo ló gbé. Ó ti pa ojú ìwé rẹ̀ kékeré yẹn rẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ní Ogbe-Ijoh, láìsí ìkìlọ̀ ni yóò máa wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni Kíkẹ́lọmọ yóò ṣe máa wọ̀ ọ́ lọ síléèwé. Oyèkọ́lá bẹ Fẹ̀yìntọlá. Ó bẹ̀ ẹ́ dáadáa, kò lo gbólóhùn ńlá kankan. Fẹ̀yìntọlá ní kò burú, Bùọ̀dá, ó ti tán.

Oyèkọ́lá ní òun yóò fẹ́ máa wá kí i, kí òun máa mọ bó ṣe ń ṣe. Ó bi í pé ibo ló ń lọ.

Fẹ̀yìntọlá fi ọwọ́ tó dára gbé báàgì rẹ̀ lé èjìká. Ó kí Kíkẹ́lọmọ pé ó dàbọ̀, Àǹtí, ẹ máa ṣọ́ra lórí omi. Ó kí Oyèkọ́lá náà. Ó wọ ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sí Ovwian, Oyèkọ́lá bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ó mọ ibi tí Fẹ̀yìntọlá máa wà.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Kíkẹ́lọmọ wí, ó sì kọ ojú sí fèrèsé.